Àǹtí Ló Gbá Mi Létí

Èmi ni mo gbá ọmọ náà létí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọwọ́ mi tó yí i padà, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù tí mo tún pa á rẹ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, àwọn òbí tí mo ń kọ́ ọmọ wọn wà lórí page yìí dáadáa, àwọn kan nínú wọn ló tilẹ̀ máa ń kọ comment tó gbóná jù. Èmi ni mo gbá a létí, obìnrin mìíràn ni wọ́n lù nítorí rẹ̀ títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi kán, mo sì wà níbẹ̀, mo ń wò ó, mi ò sọ nǹkan kan. Ní Sunday tó ń bọ̀ yìí ni àwọn ẹbí fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, bóyá ọkọ rẹ̀ á kọ̀ ọ́ tàbí kò ní kọ̀ ọ́... àti pé èmi, èmi yìí, ni wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí lòdì sí i.

Igbein ni mo ń gbé níbí l'Abẹ́òkúta, nílé bàbá mi. School aládàáni kan ni mo ti ń ṣe tíṣà láàárọ̀, tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán màá sáré wálé wá ṣí lesson ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, láti Primary Two títí dé JSS One, bẹ́ǹṣì mẹ́fà, bọ́ọ̀dù dúdú kan tí mo ń fi eléédú inú bátìrì àti ewé kùn fúnra mi. Lesson mi lórúkọ o, mi ò fi yangàn. Ọmọ tí wọ́n bá ní olódo ni, wọ́n á ní ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Àǹtí, Àǹtí á tún orí ẹ̀ ṣe. Gbogbo èèyàn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ọmọ, òbí, ọlọ́kadà tó ń gbé mi. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo máa ń na ọmọ. Mo máa ń nà wọ́n dáadáa. Wọ́n na èmi náà kí n tó mọ table, wọ́n nà mí débi pé títí dòní tí wọ́n bá jí mi lójú oorun kí n ka times twelve, màá kà á. Àwọn òbí fúnra wọn ló ń gbé pankẹ́rẹ́ wá bá mi. Wọ́n á ní Àǹtí, ẹ bá mi nà án, ẹ má wo ojú mi o. Ta ni nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí tí ò tíì sọ ọ́ rí fún tíṣà ọmọ rẹ̀? Ọmọ tó bá sì lọ fẹjọ́ sùn nílé pé tíṣà na òun, ó ti wá ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ nìyẹn, nítorí náà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní lesson kì í dé ilé. Òfin tí mo fi ń ṣe lesson mi sì ni pé kò sí vernacular, ẹni tó bá la ẹnu sọ Yorùbá láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ààbọ̀, pankẹ́rẹ́ mẹ́fà ni.

Ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ayọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, Primary Four. Ká sọ tòótọ́, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí etí ọmọ yẹn mú. Ohunkóhun tó bá ti gbọ́ ló máa kọ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn JSS One ò lè kọ, òun á ti kọ ọ́ tán, á ti ju bírò sílẹ̀, á máa wò mí pé èwo ló kù. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Panel beater ni bàbá rẹ̀, irin ló ń lù látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ó rí i ní ọwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Bùnmi, ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Alábàtà, tó ń ta okùn sí àdìrẹ tó sì ń rẹ ẹ́ láró ní Ìtòkú. Kò sígbà tí ọwọ́ Bùnmi kì í dúdú títí dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tó délé ọkọ, ó ní òun ò ní gba orúkọ lọ́wọ́ òkú, kí ọmọ náà má pe òun ní Mummy, kó máa pe òun ní Àǹtí.

Ẹ ti ń rí i báyìí? Àǹtí ló máa ń mú un wá fún Àǹtí, Àǹtí ló máa ń wá gbà á lọ́wọ́ Àǹtí. Èmi àti Bùnmi tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà á ní Àǹtí kìíní, ọmọ yín dé o, èmi náà á ní ẹ ṣé o, Àǹtí kejì. A máa ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ló bá mi gé pankẹ́rẹ́ tí mo fi ń kọ́ lesson látoko wọn, ó bó o, ó sì gbé e sí òkè àdògán kí èéfín lè mú un le, ó ní èyí ò ní kán bọ̀rọ̀. Mo fi í kọ́ sórí ìṣó lókè bọ́ọ̀dù.

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bàbá Ayọ̀ rí ojú pankẹ́rẹ́ ní itan ọmọ rẹ̀, ó bi ìyàwó rẹ̀, ìyàwó ní ní lesson ni, òun ò fọwọ́ kàn án. Bàbá wá bá mi ní Sátidé, ó ṣí fìlà, ó sì fi ìbọ̀wọ̀ bi mí bóyá èmi ni. Kí ni mo ní láti bẹ̀rù níbẹ̀? Ṣebí wọ́n ní kí n máa nà án ni. Ṣùgbọ́n ojú pankẹ́rẹ́ náà pọ̀ jù, méjìlá ni mo nà án lọ́jọ́ yẹn dípò mẹ́fà, ojú sì tì mí. Mo ní rárá o, èmi kì í na ọmọ débẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ó sì lọ, mi ò tún ronú kàn án mọ́.

Wednesday ni ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ń kọ́ wọn ní Maths ní school, ni mo ní the hanswer is height. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwa àti h, a máa ń yọ ọ́ níbi tó wà, a sì máa ń lọ fi í síbi tí kò sí. Èmi ò gbọ́ ọ pé mo ṣì í pè. Proprietress wa ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú òbí ọmọ tuntun kan tó ń mú yí school ká, ló bá wọlé, ó dá mi dúró lójú àwọn ọmọ, ó ní kí n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pè é. Ó tún ní kí n pè é. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ní kí n pe eight, ẹnu mi ò gbà á, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ń fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín, òbí náà ń wo ilẹ̀. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo ní NCE. Mo fi ẹ̀rín sí i, mo ní thank you ma.

Mo délé, mi ò jẹun. Ooru mú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, mo ní ó yá, dictation. Mo pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí mo gba ìwé, mo rí i pé Ayọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kẹta sílẹ̀, h-e-g-g. Hegg. Mo ní kó dìde. Mo gbé ìwé rẹ̀ sókè han gbogbo wọn, mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣẹ̀sín, mo bi í pé ta ló kọ́ ẹ ní ìranù yìí. Ọmọ yẹn wò mí tààrà, kò fi ṣe ìgbéraga rárá, bí ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ ló ṣe sọ ọ́. "Àǹtí, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe pè é." Ní Yorùbá. Ni gbogbo lesson bú sẹ́rìn-ín.

Mo gbá a létí. Mi ò mú pankẹ́rẹ́, pankẹ́rẹ́ jìnnà sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni, láti èjìká wá, gbogbo ohun tó ti wà nínú mi látàárọ̀ ló bá ọwọ́ yẹn lọ. Orí rẹ̀ lu ògiri, ó bọ́ láàárín bẹ́ǹṣì àti ògiri, ó sì jókòó síbẹ̀. Kò sunkún. Ó la ẹnu sílẹ̀ lásán. Nígbà tó yá ó ní nǹkan ń ké wíín nínú etí òun, mo wò ó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jáde wá sí kọ́là rẹ̀. Mo fi etí gèlè mi nù ún, mo fún un ní bisikíìtì, mo ní kó lọ bọ́jú. Mo tún bá iṣẹ́ lọ. Àbí kí ni kí n ti ṣe? Mo ní á lọ sílẹ̀ tó bá di alẹ́.

Aago márùn-ún ààbọ̀, àwọn tó kù ti lọ, ó ku èmi àti Ayọ̀. Bàbá rẹ̀ kì í wá mú un rí, ọjọ́ yẹn ló wá. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára kọ́là. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó bi í pé ta ló gbá ọ létí. Ayọ̀ ò gbọ́ ọ. Ó tún bi í, ọmọ náà yí etí kejì sí i, ó ní Àǹtí ni. Àǹtí ló gbá mi létí.

Ìṣísẹ̀ méjì ni mo fi jìnnà sí wọn. Mo ti la ẹnu, mo búra fún yín, mo ti la ẹnu láti sọ pé ẹ má bínú... ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ wò mí. Ó dìde, ó ní òun ti sọ fún obìnrin yìí, òun ti kìlọ̀ fún un lórí itan ọmọ yìí. Torí Bùnmi ló lọ mú un ní school lọ́sàn-án yẹn, òun ló mú un wá fún mi. Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Àǹtí ti ilé ló gbọ́. Mo sì pa ẹnu dé.

Ni Bùnmi bá yọ ní kọ̀rọ̀, ó ń bọ̀ láti Ìtòkú, ó gbé gúgúrú àti ẹ̀pà sínú ọ̀rá fún Ayọ̀. Ó ti ń kí mi láti ọ̀ọ́kán, ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí kìíní. Kò tíì kí mi tán tí ẹ̀ṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fi bà á lẹ́nu. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, gúgúrú fọ́n ká. Bàbá Ayọ̀ gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi wá, ó kọjá lára mi, ó fa pankẹ́rẹ́ yọ lórí ìṣó, pankẹ́rẹ́ tí obìnrin yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ gé, ó fi nà án lẹ́yìn, lórí, lójú, títí ó fi kán sí méjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bùnmi ń sọ, kí ni mo ṣe, kí ni mo ṣe. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹlẹ̀ láti dìde, ọkọ rẹ̀ fi bàtà wọ́kíṣọ́ọ̀bù tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ sí i. Mo gbọ́ nígbà tó kán. Ìka mẹ́ta.

Ẹ dúró, mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Ayọ̀ ń pariwo. Ó ń ké pé, "Dádì, kì í ṣe Àǹtí! Àǹtí ni! Àǹtí ni!" Àwọn èèyàn tó ti pé jọ ní ẹ̀rù ti dà á lórí rú, ẹnìkan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló yé. Kí ó tó lè nàka sí mi, mo fà á mọ́ra, mo tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ikùn mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lẹ́yìn orí kí ẹnu rẹ̀ má baà ríbi sọ̀rọ̀. Ó gé mi jẹ. Ó fi eyín gé mi jẹ gba inú aṣọ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lódìkejì sì ń sọ pé ẹ wo bí Àǹtí ṣe gbá ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra bí ìyá rẹ̀. Àpá eyín náà ṣì wà lára mi, mo máa ń rí i tí mo bá ń wẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì sọ pé awọ inú etí òsì Ayọ̀ ti ya, ó lè jinná, ó sì lè má jinná. Bùnmi ti wà lábúlé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n fi igi di ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní ìka náà ò ká mọ́, okùn àdìrẹ tó sì máa ń ta yẹn, ìka lèèyàn fi ń ta á. Bàbá Ayọ̀ mú ọmọ padà wá sí lesson ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o. Ó mú pankẹ́rẹ́ tuntun dání fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, mo ba tiyín jẹ́ lọ́jọ́sí." Mo gbà á, mo tún ní ẹ ṣé.

Ó wá bẹ̀ mí. Ó ní àwọn ẹbí Bùnmi ń bọ̀ ní Sunday, pé Bùnmi ṣì ń jiyàn pé òun ò fọwọ́ kan ọmọ, pé èmi ni ọ̀mọ̀wé tó mọ ọmọ náà, kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ojú pankẹ́rẹ́ itan yẹn àti ti etí. Tí mo bá ti lè sọ ọ́, wọn á kọ̀ ọ́, ó parí. Mo ní màá wá. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé ìyá Bùnmi, tí ìdílé wọn ń bọ Ògún láti ìran wọn, ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, òun ò pe ọlọ́pàá, irin lòun máa gbé wá, pé ọmọ òun á kọ́kọ́ fẹnu kàn án, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ́rìí mọ́ ọmọ òun, kí ó fẹnu kan irin náà kó tó sọ̀rọ̀. Choir ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ṣùgbọ́n ẹ má tàn mí, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, mo mọ ohun tí irin jẹ́.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn pàápàá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ mo ń sùn. Mo ń sùn dáadáa! Ìgbà tí wọ́n dárúkọ irin ni ẹ̀rí ọkàn mi tó jí. Ṣé ìrònúpìwàdà nìyẹn àbí ìbẹ̀rù lásán? Tí kò bá sí irin ní Sunday, ṣé mi ò ní wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀, kí n sì ba ayé obìnrin yẹn jẹ́ pátápátá? Mo bi ara mi, mi ò fẹ́ràn ìdáhùn rẹ̀.

Tí mo bá sọ òtítọ́ ńkọ́? Ọkùnrin tó lè ṣe báyẹn sí ìyàwó rẹ̀, kí ló máa ṣe fún èmi tó ba etí ọmọ rẹ̀ jẹ́, tó tún jẹ́ kó lu aláìṣẹ̀? Hámà wà lọ́wọ́ ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Lesson máa tú ká, ta ló máa gbé ọmọ wá mọ́? Mo tún máa ń rò ó pé kí n kàn sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ṣàgámù kí Sunday tó pé, kí n ní ara mi ò yá. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló rí mi. Òní ni wọn ò sọ̀rọ̀, ṣé wọn ò ní dàgbà ni?

Ṣé ẹ mọ èyí tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín lónìí? Mo ṣe dictation lánàá. Ayọ̀ ti kúrò níwájú, ó lọ jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì lápá òsì kí etí tó dára lè kọjú sí mi. Mo pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, mo lọ wo ìwé rẹ̀, mẹ́rin ló kọ. Mo pè é lórúkọ láti ẹ̀yìn, kò dáhùn, mo tún pè é, kò dáhùn, inú sì bí mi pé ó ń fojú di mí... ẹ̀yin èèyàn, ọwọ́ mi gbéra. Mo gbàgbé. Mo gbàgbé pé èmi ni mo ṣe é tí kò fi gbọ́! Ó rí òjìji ọwọ́ mi lórí ìwé, ó fi apá méjèèjì bo orí, ó sì ń sọ ọ́ ní English, torí ó rántí òfin mi, sorry ma, sorry ma, sorry ma. Kò pè mí ní Àǹtí. Láti ọjọ́ tí mo gbá a létí, kò tíì pe ẹnikẹ́ni ní Àǹtí mọ́. Wọ́n ní kódà nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ kí Bùnmi padà wálé, ẹkún ló bú sí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo ṣẹ́ pankẹ́rẹ́ tuntun yẹn ní alẹ́ àná, mo jù ú sínú ààrò. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò tún ìka ẹnikẹ́ni ṣe. Òní ni Friday. Ṣé kí n lọ bá Bùnmi lábúlé lọ́la kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un, àbí kí n dúró di Sunday kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Ṣé kí n mú ọlọ́pàá dání nítorí bàbá yẹn, àbí kí n kọ́kọ́ fi ara mi fún ọlọ́pàá? Ta ló máa dúró ti Ayọ̀ tí bàbá rẹ̀ bá mọ̀ pé òun ṣẹ́ ìka ìyàwó òun nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Àbí, kí n kúkú béèrè èyí tó wà nínú mi, ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú yín tó máa ní kí n dákẹ́, kí n lè mọ̀ pé mi ò dá wà?

Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ bú mi tó bá wù yín, mo tọ́ sí i, màá ka gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ yín, mo mọ bí ẹ ṣe ń dá obìnrin lóhùn lórí page yìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún, tí ẹ bá ń kọ comment yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní Àǹtí.